Ẹyin Onígi Kì í Fọ́: Èrò Kan lórí Kíkọ́ Èdè Abínibí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bóyá ni olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà láàárín wa tí kò tíì fi òwe yìí kọ́ ọmọ rí. Ohun tí a fi ń kọ́ wọn ni pé kí ènìyàn ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti bọ́ kò ṣe é kó nílẹ̀ mọ́. Òwe náà tọ́ ní ààfin, ó tọ́ ní ilé ẹjọ́, ó sì tọ́ láàárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n èrò tèmi, tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ni pé kò tọ́ ní kíláàsì ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè. Ohùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyin tí a fi igi ṣe: kí ó lè jábọ́ ní ìgbà ogún kí ó má fọ́, kí ẹni tí ó ni ín lè bẹ̀rẹ̀ gbé e, kí ó sì tún un ṣe.

N kò ṣàdédé mẹ́nu ba ẹyin onígi. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń fi ẹ̀rọ yí igi, ìpèníjà kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gbé ka iwájú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́: wọn a ní kí ó ṣe ẹyin kan. Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. A ó fi ègé igi sí àárín irin méjì tí yóò dì í mú ní orí àti ní ìdí. Ẹ̀rọ yóò máa yí igi náà bíríbírí. Oníṣẹ́ yóò sì gbé irin ẹlẹ́nu mímú lé ọ̀pá tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò máa fi fá ara igi náà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ tábìlì tí ó rí roboto, tí a ṣe ní orùka-orùka, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a fi ń ṣe é.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹyin? Ìdí kìn-ín-ní ni pé kò sí ẹni tí kò mọ bí ẹyin ṣe rí. A kò ní láti fi àwòrán rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ìdí kejì ni pé ó ṣòro ju bí a ti rò lọ. Bọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, rúlà sì lè bá wa wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹyin ní orí méjì tí kò dọ́gba: ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan sì ṣe ṣóńṣó díẹ̀, ibi tí ó ti sanra jù kì í sì í ṣe àárín gan-an. Ojú àti ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá di ojú rẹ̀ tí a sì fi í lé e lọ́wọ́ yóò mọ̀ bóyá ẹyin ni tàbí kì í ṣe ẹyin. Ìdí kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa. Ìpèníjà ọ̀rẹ́ ni. Olúkúlùkù yóò gbé tirẹ̀ wá sórí tábìlì, àwọn yòókù yóò gbé e yẹ̀ wò, wọn yóò sì sọ ohun tí wọ́n rí. Bí ti ẹnì kan bá rí págunpàgun, ohun tí ó sọnù kò ju ègé igi kan lọ. Yóò mú òmíràn.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ igi àti ọ̀rọ̀ èdè ti pàdé ara wọn lọ́nà tí ó lè kọ́ wa lọ́gbọ́n ni Libreville, olú-ìlú Gabon. Orúkọ ìlú náà pàápàá, ìlú òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀: ní 1849 ni àwọn ará Faransé tẹ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú dó síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti kó nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Elizia. Igbó ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Gabon, gẹdú sì ti jẹ́ òwò pàtàkì níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí ènìyàn bá wọ ilé ìjọsìn Saint-Michel ní àdúgbò Nkembo ní Libreville, yóò rí òpó onígi mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Zéphyrin Lendogno gbẹ́ àwòrán sí lára. Ẹni tí ó bá ti rí òpó ààfin tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì yóò mọ̀ pé ẹbí kan náà ni.

Ní 2010, ìjọba Gabon ṣe òfin pé wọn kò gbọdọ̀ kó gẹdú odindi jáde kúrò ní ilẹ̀ náà mọ́. Wọ́n ní kí a là á, kí a fá a, kí a sọ ọ́ di pákó tàbí ohun èlò nílé kí ó tó lọ sọ́jà àgbáyé. Wọ́n dá àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Nkok, lẹ́yìn odi Libreville, fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí yé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra àga láti òkè òkun rí: bí igi bá lọ ní odindi, kì í ṣe igi nìkan ni ó lọ. Owó iṣẹ́ ọwọ́ bá a lọ, ìmọ̀ bá a lọ, orúkọ irinṣẹ́ àti orúkọ ìṣesí ọwọ́ náà sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Èdè abínibí tí ó wà ní Gabon lé ní 40: Fang wà níbẹ̀, Myènè wà níbẹ̀, Punu àti Nzebi náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀ èdè Faransé nìkan ni èdè ìjọba, òun ni èdè ilé-ẹ̀kọ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Libreville kọ́kọ́ ń gbọ́ lẹ́nu òbí wọn. Gẹdú kò gbọdọ̀ kúrò nílé kí ọwọ́ ọmọ onílé tó kàn án. Ṣùgbọ́n ọmọ onílé fúnra rẹ̀, odindi ni a ń kó o fún èdè àjèjì. N kò sọ èyí láti fi Gabon ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá ń wo ìdọ̀tí ojú aládùúgbò, kí a má gbàgbé pé àwa náà kò tíì bọ́jú.

Gabon kò sì ṣàìní akọni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. André Raponda Walker, tí a bí ní Libreville ní 1871 tí ó sì kú ní 1968, ni ọmọ Gabon àkọ́kọ́ tí ó di àlùfáà Ìjọ Àgùdà. Ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Mpongwe. Ní 1961, òun àti Roger Sillans sì gbé ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn ewé àti igi tí ó wúlò ní Gabon, tí orúkọ igi kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé igi tí ó bá ti sọ orúkọ rẹ̀ nù kò ní pẹ́ di igi lásán. Ní àwọn ọdún 1990, àjọ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ gbé ètò ìkọ́nilédè kan kalẹ̀, Rapidolangue, láti máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè ilẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ igi yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Okoumé, igi tí Gabon fi lókìkí jù, láti inú èdè Myènè ni àwọn oníṣòwò Faransé ti mú orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn oníṣòwò gẹdú káàkiri àgbáyé ń pe ìrókò ní ìrókò, tí wọ́n ń pe àfàrà ní àfàrà, tí wọ́n sì ń pe àyàn ní àyàn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn. Àyàn yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní movingui nínú òwò gẹdú Gabon. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ wa ti rin ìrìnàjò tó! Ṣùgbọ́n bí a bá fi ègé àfàrà kan lé ọmọ kíláàsì kẹrin lọ́wọ́ ní ìlú wa lónìí, mélòó nínú wọn ni yóò lè pè é ní orúkọ?

Igi kò sì ti máa jẹ́ ọ̀rẹ́ èdè nígbà gbogbo. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé jọba lé lórí, àṣà kan wà: ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni a ó fi ohun kan kọ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní àmì. Nígbà mìíràn, ègé igi ni. Ọmọ náà yóò máa gbé e kiri títí yóò fi ká ọmọ mìíràn mọ́ ibi tí ó ti ń sọ èdè ilé, kí ó tó lè gbé e fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò jìyà. Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1986 pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó san owó ìtanràn nítorí Yorùbá tí a sọ ní gbangba ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí àmì náà kọ́ ọmọ ni pé ohùn rẹ̀ lè fọ́ mọ́ ọn lórí nígbàkúùgbà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́, ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ kì í sọ Yorùbá sí i nílé dìde ní kíláàsì mi. Ó fẹ́ sọ pé òun gbé àbúrò òun sí ẹ̀yìn. Bí ó ti pe ọ̀rọ̀ náà, inú ẹyin ni ó gbé àbúrò rẹ̀ sí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, títí sáà náà sì fi parí, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ àfi nígbà tí mo bá ń pe orúkọ láàárọ̀. N kò fi igi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀rín ni mo fi kọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé ta ni ó ń pa èdè yìí gan-an, ṣé àwọn tí wọ́n kọ̀ láti kọ́ ọ ni, tàbí àwa tí a ń kọ́ ọ bí ẹni pé ẹyin adìyẹ ni gbogbo gbólóhùn?

Nítorí náà ni mo fi dábàá pé kí a mú ìpèníjà ẹyin onígi wọ kíláàsì èdè. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ẹ̀rọ ìyígi lè lò ó pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí kò bá ní, kí ó lo ọ̀bẹ àti igi rírọ̀ bí arère, kí ó sì pe gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wá. Àwọn ọmọ kéékèèké lè fi amọ̀ mọ ọ́n. Ohun tí ó jà jù ni pé Yorùbá nìkan ni èdè tí a ó fi ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954, ṣàkọsílẹ̀ orúkọ tí àwọn baba wa ń pe ìpele iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fífín. Ní ibi iṣẹ́ yẹn kan náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ọmọ Aréògún, kí ó tó di gbajúgbajà, kí ó sì tó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Ìpele mẹ́rin yìí bá ẹyin wa mu wẹ́kú.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó yan igi. Igi tí ó gbẹ ni a ń gbẹ́: ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì sọ́tọ̀, ọmọ tí ó bá sì ti fi ọwọ́ kan igi tútù àti igi gbígbẹ kò ní ṣì wọ́n pè mọ́. Bí igi bá le, yóò ní: igi yìí yi, ó ṣòro láti yí. Ẹ̀kọ́ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti wà nínú gbólóhùn kan láìsí pé a kọ dò-rè-mí sójú pátákó. Lẹ́yìn náà, ẹyin fúnra rẹ̀ yóò kó ẹbí rẹ̀ wá: ẹyin tí adìyẹ yé, ẹyìn tí a fi ń ṣe epo, ẹ̀yìn tí a gbé ọmọ pọ̀n sí, ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọnà lílé, a ó gé igi, a ó là á, a ó bó o, a ó rẹ́ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi rí gbọọrọ. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan sọ púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Yorùbá kò gbà. Gé kì í ṣe là, là kì í ṣe rẹ́, rẹ́ kì í sì í ṣe ṣá. Ní àlétúnlé, a ó fa ìlà yí ibi tí yóò ti sanra jù ká, a ó sì máa fá a láti ibẹ̀ lọ sí orí kọ̀ọ̀kan. Òfin iṣẹ́ ni pé láti ibi tí ó sanra ni a ti ń fá a lọ sí ibi tí ó tín-ín-rín. Ẹni tí ó bá fá a gòkè, fọ́nrán igi yóò ṣí, ara rẹ̀ yóò sì rí ṣákaṣàka. Nígbà tí ó bá kan dídán, a ó fi ewé ìpín, tàbí sánpépà, fi pa á títí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀. Ẹni tí ó bá wù lè wá fín ọnà sí i.

Kò sí ibi tí ìkìlọ̀ kò sí. Agbádá, ìborùn àti apá aṣọ tí ó fẹ̀ kì í sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí. Ẹni tí ń fá igi gbọ́dọ̀ fi gíláàsì bo ojú. A gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ kí a tó wọn igi. Irin tí kò mú léwu ju èyí tí ó mú lọ, nítorí náà kí a pọ́n ọn dáadáa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn kọ òfin wọ̀nyí sí ara ògiri ní Yorùbá. Ìwé ìkìlọ̀ tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àròkọ tí a kọ nítorí máàkì.

Àwọn baba wa tún ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ibí ni iṣẹ́ tiwa wà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé ẹyin rẹ̀ dání, yóò sì ròyìn bí ó ti ṣe é, ibi tí ó ti ṣì í, àti ohun tí yóò ṣe bí ó bá tún un ṣe. Bí ó bá ní òun gé igi nígbà tí ó là á, kí olùkọ́ má dá a dúró, kí ó má sì jẹ́ kí kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín. Kí ó mú igi, kí ó là á lójú rẹ̀, kí ó ní, “Mo là á.” Ọmọ náà yóò gbọ́, yóò sì rí i. Kí a má sì fi máàkì sí ẹyin lára rárá. Ìròyìn ni kí a fún ní máàkì, bí ó bá di ìgbà kejì tàbí ìgbà kẹta.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ìdánwò ń bọ̀, àkókò kò sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abínibí ti wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀; àwa ni a sọ ọ́ di orúkọ irinṣẹ́ tí ọmọ ń há sórí láìrí wọn rí. Àwọn mìíràn yóò ní káfíńtà kọ́ ni àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ tí ó bá ṣe ẹyin págunpàgun lójú àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ti kọ́ wọn ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró di ọ̀la wà níwájú wa. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ kankan, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sípò. Ọ̀pọ̀ wa bínú, ó sì tọ́ kí a bínú, kí a sì máa bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, ìwọ̀nba wákàtí tí a fi ń kọ́ Yorùbá bí ẹ̀kọ́ ni ó kù ní ìkáwọ́ wa. Bí wákàtí náà bá tún jẹ́ wákàtí ìbẹ̀rù, a jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a bá wọn parí iṣẹ́ náà.

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn tí ń sin adìyẹ máa ń fi ẹyin onígi kan sínú ìtẹ́. Adìyẹ tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí òun máa yé sí. Ẹyin náà kì í ṣe ẹyin gidi, kò sì lè pa ọmọ láéláé, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pe ẹyin gidi wá. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn wíwọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí a gbá a jáde kúrò nínú ìtẹ́.